Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ní kíláàbù: ta ló mọ ìtàn Adrian Mutu dáadáa?

Àbúrò Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti pé ọdún 17. Iwájú ló ń gbá, àtìgbà tó sì ti wà lọ́mọ ọdún 9 ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kíláàbù kan níbí ní London. Wọ́n ti wá gbé ìwé iṣẹ́ gidi fún un báyìí, ojú ewé 22. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti rí i, àwo ìrẹsì wà lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kíláàbù pe àwọn ọmọ náà jọ, wọ́n là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí oògùn olóró àti ìwé àdéhùn. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni tiwa rántí bọ̀ wálé. Ó ní, "Àǹkù, ta ni Mutu?" Ẹ̀rín pa mí. Ìwọ̀nba lèmi náà mọ̀: ará Ròmáníà, Chelsea, kọ́kéènì, owó gọbọi tí wọ́n ní kó san. Ìwọ̀nba yẹn ò tó láti fi gba ọmọ nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi là á. Kí ni kí n sọ fún un kó tó mú bírò?

Ọmọ Stamford Bridge

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá rí Mutu lóṣù August sí September 2003, oníwàhálà lásán ló máa kà á sí.

Abramovich, olówó ará Rọ́ṣíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Chelsea ni. Wọ́n san pọ́n-ún mílíọ̀nù 15.8 fún Parma kí wọ́n tó rí i mú, ó sì tó bẹ́ẹ̀: góòlù 18 ló jẹ nínú líìgì Ítálì ní sáà tó ṣáájú, òun àti Adriano ará Brazil ni wọ́n jọ ń dàgboro rú níwájú.

Ìbàdàn ni mo wà nígbà yẹn. Ilé ìwòran kan ní Mọ̀kọ́lá la ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, bẹ́ǹṣì onígi la ń jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ á máa bú lẹ́yìnkùlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú líìgì, Leicester ló wá bá wọn. Ọ̀mì ni, 1-1, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìsinmi. Ó gba bọ́ọ̀lù níta àpótí, ó kàn yìn ín láti ọ̀nà jíjìn ni. Gbá! Ọkùnrin tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà fi àpò owó sílẹ̀, ó sá wọlé wá béèrè pé ta ló gbá a. Àwọn tó ti dúró níta láìsanwó bá tẹ̀ lé e wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo gba ti Mutu.

Ó tún jẹ ọ̀kan sí Blackburn, ó jẹ méjì sí Tottenham nígbà tá a nà wọ́n 4-2. Góòlù 4 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ ẹ bá mi ka ìyókù: góòlù 6 péré ló jẹ nínú líìgì títí sáà náà fi parí. Nǹkan ti ń yí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oògùn.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Èmi ò mọ̀ ọ́n lórí pápá o. Inú ìwé ẹjọ́ ni mo ti pàdé rẹ̀. Kò sí lọ́yà eré ìdárayá tí kò mọ ẹjọ́ Mutu.

Ìwé ọdún 5 ló tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú Chelsea ní 2003. Ọdún kejì ni àyẹ̀wò gbé kọ́kéènì jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ 28 October 2004, Chelsea lé e. FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, ní kó má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún oṣù 7, wọ́n sì bu ìtanràn £20,000 lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ẹnikẹ́ni ò ní máa fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ ọdún 17 lónìí.

Chelsea gba ọ̀dọ̀ FIFA lọ. Wọ́n ní ìnáwó táwọn ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, ọdún 5 làwọn pín in sí. Ọdún kan àti díẹ̀ ló lò, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé náà, kó san ti ọdún tó kù. Ní 2008, FIFA dá Chelsea láre. Iye tí wọ́n ní kó san ni €17,173,990. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé e lọ sí CAS, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní Lausanne: ó pàdánù ní 2009. Ó lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Switzerland, wọ́n dá a padà ní 2010. Ó tún forí lé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, ó ní àwọn adájọ́ CAS ò dá dúró lómìnira. October 2018, wọ́n ní ẹ̀sùn náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

FIFA ti fìgbà kan sọ pé kí Livorno àti Juventus, àwọn tó gbà á lẹ́yìn Chelsea, bá a pín ẹrù náà. CAS fagi lé ìyẹn ní 2015. Ọrùn òun nìkan ló dúró sí. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tí Chelsea lé e. Nígbà tí Strasbourg sọ̀rọ̀, ó ti di ẹni 39, ó sì ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n, ohun àkọ́kọ́: ẹ gbé àwo ìrẹsì yẹn kúrò lórí ìwé. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kà á tán pẹ̀lú yín. Kó wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà àìtọ́ tó burú jáì, kó wo ohun tí kíláàbù lè ṣe tó bá ṣẹlẹ̀, kó sì wo èyí tóun náà lè ṣe bí kíláàbù bá yẹ àdéhùn. Ọmọ ọdún 17 máa ń ṣí ìwé lọ tààrà síbi tí owó oṣù wà. Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Baba Kékeré

Lọ́yà, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n Chelsea le jù. Lọ́dún 2003 yẹn náà ni Rio Ferdinand ò yọjú síbi àyẹ̀wò. Oṣù 8 ni wọ́n fi dá a dúró, ó san £50,000. Ṣé Manchester United lé e? Wọ́n dúró tì í gbágbáágbá, ó padà wá gba ife ìdíje lóríṣiríṣi. Ní ti Chelsea, wọ́n ti ṣe é rí kó tó kan Mutu: Mark Bosnich, aṣọ́lé wọn, kọ́kéènì kan náà, wọ́n já a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ England gan-an bínú sí ohun tí wọ́n ṣe fún Mutu, wọ́n ní ìtọ́jú ló yẹ ẹni tó bá wọ irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí pé òun àti Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea nígbà náà, ti ń tahùn síra wọn lóṣù October yẹn, torí pé ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Ròmáníà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní ara rẹ̀ ò yá. Mi ò sọ pé ìyẹn ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀ nígbà tí ìwọ àti ọ̀gá ò rẹ́, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sí ọ. Kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ kíláàbù, lójú gbogbo èèyàn, pé bí ọmọ yín bá ṣìṣe, kí lẹ máa ń ṣe? Bí wọ́n ṣe dáhùn máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ilé tó fẹ́ wọ̀.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Baba Kékeré, ẹni tí kò yọjú síbi àyẹ̀wò àti ẹni tí wọ́n bá nǹkan lára rẹ̀, ẹjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tẹ́ ẹ ní kó béèrè yẹn dáa. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Salford

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí kọ́kéènì díẹ̀. Gbogbo òbí ló ń bẹ̀rù kọ́kéènì, kò sí ọmọ tí wọn ò tíì kìlọ̀ fún nípa rẹ̀. Ohun tó tún mú Mutu lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí.

January 2010, ó ti wà ní Fiorentina, ó sì ti padà di ẹni iyì. Wọ́n bá sibutramine lára rẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ wuni jẹ nìyẹn, àwọn tó fẹ́ fọn ló ń lò ó. Àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó ń fà ni Yúróòpù fi dá títà rẹ̀ dúró lóṣù yẹn gan-an. Oṣù 9 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá Mutu dúró, ó wá padà di 6. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kolo Touré tó wà ní Manchester City nígbà náà lo oògùn ìfọnra ìyàwó rẹ̀. Oṣù 6 lòun náà fi jókòó sílé. Ọmọ Ivory Coast, onírẹ̀lẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn ìwàkiwà kàn rí!

Òfin àyẹ̀wò ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ẹni tó fún ọ. Ohun tí wọ́n bá ti bá lára rẹ, ìwọ lo ni ín. Èrò ọkàn rẹ lè dín ọjọ́ ìyà kù, àmọ́ ẹ̀sùn náà ti wà lọ́rùn rẹ.

Ẹ bi ìyá ọmọ náà pé kí ló ń fún un nílé. Tíì ìfọnra tí wọ́n ń tà nínú ọjà, èròjà oníyẹ̀fun tó ń múni sanra, oògùn ikọ́, àti àgbo wa tí wọ́n ń fi ìgò dì wá láti ilé. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ẹni tó sè é ò kọ nǹkan kan sára ìgò. Tó bá jẹ́ oògùn òyìnbó, kí ó kọ́kọ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìkànnì Global DRO, ọ̀fẹ́ ni, yóò sọ bóyá ó wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Tó bá jẹ́ èròjà inú agolo, kó wá èyí tó ní àmì Informed Sport. Dókítà kíláàbù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí gbogbo rẹ̀. Tí dókítà òde bá kọ oògùn tó jẹ́ èèwọ̀ fún un nítorí àìsàn tòótọ́, àyè wà láti tọrọ ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n kó tó lò ó ni, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Àbúrò Bàbá

Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó wọn ní ìgò Ragolis mẹ́ta tí àgbo kún inú wọn nínú fìríìjì. Ọmọ náà ń mu ife kan ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, wọ́n ní ó ń fún egungun lágbára.

Nọ́ọ̀sì Salford

Ha! Ẹ rọra o. Kó dáwọ́ dúró ná títí dókítà kíláàbù fi máa gbọ́. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.

Ará Firenze

Mo ti wà ní Firenze látọdún 2005, kíṣíìnì ilé oúnjẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe padà dìde, torí tí ọmọ bá gbọ́ ti ìṣubú nìkan, ẹ̀rù lásán lẹ dá bà á.

Nígbà tí Chelsea lé e, Juventus fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti lo ààyè tí wọ́n ní fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ EU tán lọ́dún yẹn. Ròmáníà ò tíì wọ EU, ó di 2007. Livorno ló bá wọn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní January 2005, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti fà á lé Juventus lọ́wọ́. Ìwé ìrìnnà náà ń gbá bọ́ọ̀lù o, ẹ̀yin ará.

Nígbà tí Juventus kó sínú ẹjọ́ màgòmágó ní 2006, tí wọ́n já wọn sí ìpele kejì, Mutu wá sọ́dọ̀ wa. Prandelli, akọ́nimọ̀ọ́gbá Fiorentina nígbà náà, ló pè é. Prandelli yìí kan náà ló wà lórí rẹ̀ ní Parma lọ́dún tó jẹ góòlù 18. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún èmi: ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tó dáa. Máínọ́ọ̀sì 19 ni Fiorentina fi bẹ̀rẹ̀ sáà yẹn nítorí ẹjọ́ náà, wọ́n padà dín in kù sí 15, síbẹ̀ ipò kẹfà ni wọ́n parí sí. Òun àti Luca Toni, góòlù 16, 16. Sáà tó tẹ̀ lé e, 17. Nọ́ńbà 10 ló ń wọ̀, kò sì sí ọmọdé àdúgbò wa tí kò ní ẹ̀wù náà.

Lálẹ́ tá a bá Rangers pàdé níbí fún sẹmí-fáínà UEFA Cup, May 2008, ọ̀gá mi gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré wọ kíṣíìnì. Ìṣẹ́jú 120 kọjá láìsí góòlù, ó bá di pẹnáritì. Ọ̀gá jókòó sórí àpò ọ̀dùnkún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nígbà táwọn oníbàárà ń pe oúnjẹ. A pàdánù. Ọbẹ̀ tòmátì jóná kanlẹ̀ lórí iná, òórùn rẹ̀ wà lára aṣọ mi dọ́jọ́ kejì.

Ẹ ní kí ọmọ náà má wo orúkọ kíláàbù tàbí iye owó nìkan. Kó béèrè pé ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣé ó sì ń fi ọmọdé síwájú.

Ẹsẹ̀ Òsì

Ọdún méjì ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù ní Ròmáníà, ìpele kejì, torí náà mo gbọ́ orúkọ Mutu yó. Briliantul ni wọ́n ń pè é, bí òkúta iyebíye. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Călinești, lágbègbè Pitești, ni wọ́n ti bí i. FC Argeș ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Dinamo ní Bucharest, ọdún 21 ló pé nígbà tí Inter Milan mú un lọ ní January 2000. Àwọn ìràwọ̀ ló kún iwájú Inter, kò ráàyè, wọ́n ní kó lọ gbá ní Verona. Kíláàbù kékeré ló ti di ọkùnrin.

Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ ní Hagi, àgbà agbábọ́ọ̀lù Ròmáníà àtijọ́, dáa ju Mutu lọ. Ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ láàárọ̀. Góòlù 35 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ fún orílẹ̀-èdè wọn, òun ni àmì tó ga jù. Hagi lò ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 120 lọ. Mutu, 77. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá mí kanlẹ̀, á sọ̀rọ̀ Zürich. Euro 2008, Ítálì. Mutu já bọ́ọ̀lù tí Zambrotta ti Ítálì forí gbá padà sẹ́yìn gbà, ó gbá a wọlé. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí Panucci fi dá a padà fún Ítálì. Ó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ròmáníà gba pẹnáritì. Mutu ló dúró níwájú Buffon, aṣọ́lé Ítálì, tí wọ́n jọ wà ní Juventus rí. Buffon mú un. Tó bá wọlé ni, ó ṣeé ṣe kí Ítálì ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Onígbàjámọ̀ tó ń fá orí mi sọ ọ́ débi pé ó gbé abẹ kúrò lórí mi, ó fi ń júwe ibi tí bọ́ọ̀lù gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ lọ́yà pé kí ó wo ohun tóun náà lè ṣe. Kíláàbù kan níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ, jẹ mí lówó oṣù 4. Mi ò kọ lẹ́tà kan. Ìtìjú ń ṣe mí, mò ń sọ pé wọ́n á san, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì mi ti pa fóònù. Mo kó ẹrù mi, mo lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé òfin FIFA yìí náà, tó mú Mutu, ìbá ti gbà mí: látọdún 2018, bí wọ́n bá jẹ ọ́ lówó oṣù 2, wàá kọ lẹ́tà sí wọn, wàá fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán, bí wọn ò bá san án, o lè fi ìwé náà sílẹ̀, kó o sì gba owó rẹ. Bí mo ṣe lọ láìkọ lẹ́tà yẹn, èmi gan-an ni wọ́n lè pè ní ẹni tó ya ìwé. Kó máa pa gbogbo ìwé mọ́ o, títí dórí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù.

Ìyá Ìbejì

Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ òfin. Èmi fẹ́ bi yín: ta ni ọmọ náà máa ń bá jẹun alẹ́ lẹ́yìn tó bá ti gba owó oṣù àkọ́kọ́? Ọmọ tèmi náà wà nílé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù títí di ọdún 18. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ ni ọ̀rẹ́ ti pọ̀. Kó máa gbé ilé fún ọdún méjì sí i tí kíláàbù ò bá jìnnà. Àti fóònù yẹn o!

Ọmọ Stamford Bridge

Ọ̀rọ̀ fóònù! Ìyá Ìbejì rán mi létí. 2013, Ròmáníà pàdánù sọ́wọ́ Gíríìsì, wọn ò lè lọ sí Brazil fún ife àgbáyé. Mutu gbé àwòrán kan sórí Facebook, wọ́n ti gbé ojú Pițurcă, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, sára aláwàdà òyìnbó kan. Ẹ̀rín lásán ni. Wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́. Góòlù kan ló kù kó dá kọjá Hagi! Ẹni ọdún 34 ni nígbà yẹn, kì í ṣe ọmọdé.

Àmọ́ ẹ tún gbọ́ eléyìí, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù títí dé Íńdíà, ní Pune, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ló kó àwọn ọmọ Ròmáníà tí kò ju ọdún 21 lọ sí ìdíje Yúróòpù 2021. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Nẹ́dálándì, wọ́n na Húngárì, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Jámánì, ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n, síbẹ̀ ìṣirò ló lé wọn wálé. Àwọn ọmọdé ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà tó ń gbọ́ tirẹ̀.

Àbúrò Bàbá

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo padà lọ síbẹ̀ lónìí Sunday, mo tẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ jáde. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo fídíò góòlù Leicester lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù o. Ó dé orí €17,173,990, ó dákẹ́, ó mú fóònù, ó ń pín in sí owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ fún òun. Mi ò ní sọ iye ọdún tó bá jáde, ṣùgbọ́n ó pe bàbá rẹ̀ wá wò ó.

A ka ìwé náà pọ̀, ojú ewé 22, a gba wákàtí méjì. A ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, a ó pè wọ́n lọ́la. Ìyá rẹ̀ bínú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àgbo. Ó ní òun ò ní da á nù, owó lòun fi rà á. Ó bu ife kan fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bu ọ̀kan fún èmi náà. Ó korò.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé 14, ìlà kẹta, wọ́n kọ ohun kan nípa àwòrán ọmọ náà àti ẹni tó ni ín. Ṣé kí n yà á ránṣẹ́ sí yín lábẹ́lẹ̀?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kó má tíì fọwọ́ sí i.